Fèrèsé Tó Ń Súfèé

Ẹnu mi ni wọ́n tìtorí ẹ̀ lé mi kúrò níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnu yìí kan náà ni mo sì fi ń jẹun báyìí. Ọdún méjìlélógún ni mo lò ní ọsibítù ìjọba. Lọ́jọ́ kan, dókítà kan fẹ́ gé ẹsẹ̀ tí kò yẹ ní gígé, mo bá pariwo mọ́ ọn níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà lára ẹni tó ni ín, ó ń fi í rìn káàkiri. Èmi ni wọ́n wá gé. Wọ́n ní mo rí dókítà fín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i fín, bó bá sì tún dán an wò lọ́la, màá tún rí i fín. Wọ́n fún mi ní lẹ́tà, mo kó bàtà iṣẹ́ mi sínú ọ̀rá, mo gba ilé lọ.

Agbẹnusọ aláìsàn ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí. Àwọn olówó ló ń gbà mí. Bí ara wọn ò bá yá, èmi ni mo máa ń bá wọn jókòó nígbà tí dókítà bá wọlé, èmi ni mo ń ka fáìlì wọn, èmi ni mo ń béèrè ohun tí ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n béèrè, màá sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Olówó tún nílò agbẹnusọ? Ta ni kì í gbọ́ ti olówó?" Kò mọ̀ ni. Ìyà tálákà ni pé dókítà kì í yọjú. Ìyà olówó ni pé dókítà márùn-ún máa yọjú lọ́jọ́ kan náà, kò sì ní sí ọ̀kan tó mọ ohun tí èkejì ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọra wọn lè lu èèyàn pa.

Ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alága ló pè mí lórí fóònù. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló jẹ́ alága wọn, kódà ìyàwó rẹ̀ kì í pè é ní nǹkan míì. Ìyá rẹ̀ ló ṣubú nílé ìdáná. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni ìyá náà, gíláàsì fèrèsé ló sì tà tó fi di olówó. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan àti irin ìgégíláàsì kan, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn fèrèsé oní-fèrèsé, kí ọmọ rẹ̀ tó sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ilé iṣẹ́ ńlá. Ìyá Onígíláàsì ni orúkọ tó mọ́ ọn lára láti ìgbà náà.

"Àǹtí," Alága wí fún mi, "mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe ìyá mi. Ẹ bá mi fojú sí gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́."

Mo ní kò burú.

Ọsibítù náà kò jọ ọsibítù. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, òdòdó wà lórí tábìlì, àga aláwọ kan sì wà nínú yàrá Màmá tó jẹ́ pé tí èèyàn bá jókòó sí i, ó máa ṣòro kó tó dìde. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo débẹ̀. Màmá ti sùn lọ fọnfọn, ó lanu sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí aṣọ ìbora. Mo wo àwọn ìka yẹn. Àpá wẹ́wẹ́ funfun ló kún gbogbo wọn, àpá gíláàsì àádọ́ta ọdún.

Ibí yìí ni mo ti ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ. Nísàlẹ̀ ìwé àdéhùn mi, ìlà méjì ló wà fún ìfọwọ́sí: ọ̀kan fún ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, ìkejì fún aláìsàn. Èmi fúnra mi ni mo fi ìlà kejì síbẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, torí mo mọ̀ pé ẹni tó ń sanwó lè yàtọ̀ sí ẹni tó wà lórí ibùsùn, kò sì yẹ kí n dé ìdí iṣẹ́ tán kí n gbàgbé ẹni tí mò ń ṣiṣẹ́ fún. Alága, tó ti ń dúró dè mí nínú yàrá náà, fọwọ́ sí ìlà tirẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ká wá jí wọn tìtorí bébà? Ẹ mú un wá, Àǹtí."

Ó sì fọwọ́ sí ìlà kejì náà. Mo ń wò ó. Èmi tí mo pariwo mọ́ dókítà níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù, mo wò ó, mi ò wí nǹkan kan. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí ẹ̀? Ó fa àga fún mi. Ó pè mí ní Àǹtí, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹni tí wọ́n ti lé níbi iṣẹ́ rí, bí wọ́n bá fa àga fún un báyìí, orí rẹ̀ á wú.

Bí mo ṣe ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Oorun ni Màmá ń sùn ṣáá. Bó bá jí, ojú rẹ̀ kì í là tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń fà bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo. Lọ́jọ́ kẹta, mo kọ ìwé kan ránṣẹ́ sí Alága. Mo rántí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, torí wọ́n padà kà á sí mi létí. Mo ní: "Màmá bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí pé ta ni mí. Wọn ò mọ ọjọ́ tí a wà. Oorun ni wọ́n ń sùn lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n ní fèrèsé ń súfèé fún wọn, wọ́n ní ká lọ pa á lẹ́nu mọ́." Inú mi tiẹ̀ dùn sí bí mo ṣe kọ ọ́. Mo ní ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé ìwé nọ́ọ̀sì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Alága pè mí láàárọ̀ kùtù.

"Àǹtí, ẹ ṣeun. Ìwé yín yẹn ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Dókítà àgbà ọsibítù ti kà á. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣèpàdé lé e lórí."

"Ìpàdé kí ni?"

Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù. Dókítà àgbà máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ Màmá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́yà máa wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, Alága ni yóò máa fọwọ́ sí ohun gbogbo fún un. Láti ọsibítù, wọ́n máa gbé e tààrà lọ sí ilé àwọn arúgbó, ilé tó dáa, tó ní ọgbà. Wọ́n máa ti ilé rẹ̀ pa.

"Ṣé Màmá mọ̀?"

"Àǹtí, kí ni wọ́n tún fẹ́ mọ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní ó ga o. Wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé, ìwé tèmi ni wọ́n fẹ́ fi gbà á. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo ṣì gbà nígbà yẹn pé òótọ́ ni mo kọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò sọ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó tì í. Ó ń sùn. Àwọn nọ́ọ̀sì ti pa ẹ̀rọ amúlétutù torí òtútù ń mú un, yàrá náà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ síí fẹ́ níta. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ: ohùn tín-ín-rín kan, fííí, ó lọ, ó padà, fííí. Mo rò pé nọ́ọ̀sì kan ló ń súfèé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo padà wọlé, mo lọ dúró nídìí fèrèsé, mo gbé ọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi níka. Gíláàsì náà kò dé ẹnu férémù. Wọ́n gé e kúrú, ààyè kékeré ló ṣẹ́ kù, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó fi ń súfèé.

Obìnrin tó fi àádọ́ta ọdún gé gíláàsì ló sọ fún wa láti orí ibùsùn, pẹ̀lú ojú tí kò là tán, pé gíláàsì yìí ò bá ojú fèrèsé rẹ̀ mu. A gbọ́ ọ. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kì í ṣe "a" o. Èmi ni.

Mo jókòó padà. Mo wá bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bó bá jẹ́ pé orí obìnrin yìí pé nípa fèrèsé, kí ló ń jẹ́ kó máa sùn báyìí?

Ní ọsibítù ìjọba, ìwé oògùn kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Bí dókítà mẹ́wàá bá wá, inú ìwé kan náà ni gbogbo wọn á kọ ọ́ sí, bí ọ̀kan bá sì ṣìṣe, èkejì á rí i. Ṣùgbọ́n níbí yìí, olówó ni aláìsàn, kálukú dókítà ló ti ìta wá pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀. Dókítà eegun ní fáìlì. Dókítà ọkàn ní fáìlì. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ láti ilé ní fáìlì, ti dókítà àgbà ọsibítù náà ló ṣe ẹ̀kẹrin. Fáìlì mẹ́rin, ó lẹ́wà lójú, àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kó jọ̀ọ́ kó kó gbogbo páálí oògùn Màmá wá, gbogbo ẹ̀ pátá, kò gbọdọ̀ ku ọ̀kan. Mo tò wọ́n sórí aṣọ ìbora lẹ́sẹ̀ Màmá. Páálí mọ́kànlá.

Orúkọ gàdàgbà tó máa ń wà lójú páálí, ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn ló fún un lórúkọ yẹn. Orúkọ oògùn gan-an wà nísàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ máa ń kéré bí ẹyin iná orí. Mo yọ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo bẹ̀rẹ̀ síí kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Páálí kẹrin, oògùn oorun ni, dókítà ilé ló kọ ọ́. Páálí kẹsàn-án, àwọ̀ ọ̀tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀, dókítà eegun ló kọ ọ́ kí ìrora má bàa dí oorun Màmá lọ́wọ́. Mo ka lẹ́tà kékeré ìdí rẹ̀. Mo tún un kà. Oògùn kan náà ni. Wọ́n ń fún arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ní ìlọ́po méjì oògùn tó lè mú ọ̀dọ́mọkùnrin sùn gbàgbé ọjọ́.

Nọ́ọ̀sì náà gbọ́wọ́ lérí. Ó ní, "Ìyá mi! Èmi ni mo ń fún wọn láràárọ̀ àti lálaalẹ́ o."

Mo ní kó má sunkún, ẹjọ́ tirẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n kọ fún un ló ń ṣe.

Mo kó páálí méjèèjì, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì dókítà àgbà. Akọ̀wé rẹ̀ ní kò sáyè. Mo ní màá dúró. Aago márùn-ún ku díẹ̀, ó jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Madam, mò ń lọ o."

"Mo rí i pé ẹ ń lọ, dókítà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe dúró sójú ọ̀nà yín."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ̀wé pé ọpọlọ ìyá náà ò ṣiṣẹ́ mọ́?"

"Èmi náà ni. Mo wá sọ fún yín pé mo ṣìṣe, ẹ̀yin náà sì ṣìṣe. Ẹ bá mi ka ìsàlẹ̀ páálí méjì yìí."

Kò fẹ́ gbà wọ́n. Mo nà án sí i títí ọwọ́ fi fẹ́ máa ro mí. Ó gbà á nígbẹ̀yìn, ó kà á, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló kọ eléyìí?" ló bi mí. Mo ní ọ̀kan nínú yín. Mo ní ẹni tó kọ ìkejì náà, ọ̀kan nínú yín ni. Ó padà sínú ọ́fíìsì rẹ̀ láìjókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò láti alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì máa dín ìkejì kù díẹ̀díẹ̀, torí oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó fagi lé ìpàdé. Ó ní òun kọ́ lòun pe ìpàdé, Alága ló pè é.

Mo pe Alága. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Kò dùn.

"Àǹtí, ẹ gbọ́. Èmi ni mo bá wọn nílẹ̀ nílé ìdáná. Gáàsì ń jáde o! Mo gbé ìyá mi dání, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń mí. Ẹ wá ní kí n dá wọn padà sínú ilé yẹn tìtorí páálí oògùn?"

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró títí wọ́n fi máa jí, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n."

"Èmi ni mo gbà yín síṣẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé. Ó ti tó. Ẹ má padà lọ síbẹ̀ mọ́, mo dúpẹ́."

Ohun tó sọ tọ̀nà lójú ìwé. Òun ló fọwọ́ sí ìlà méjèèjì, ọwọ́ mi ni mo fi gbé bíírò fún un. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, méjèèjì papọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti lé rí kì í bẹ̀rù ìlélọ. Àkókò ìbẹ̀wò wà fún gbogbo ayé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ra ọsàn, mo bá àwọn àlejò aláìsàn yòókù wọlé. Màmá ṣì ń sùn. Lọ́jọ́ Àìkú, ó lajú, ó mu omi. Lọ́jọ́ Ajé, ó bú nọ́ọ̀sì torí tíì tó ti tutù. Inú mi dùn sí èébú yẹn ju orin lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti jókòó nígbà tí mo wọlé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ni ẹ́?"

Ìbéèrè ọjọ́ yẹn náà ni.

"Má jẹ́ kí ojú ẹ fà ro," ló wí. "Mo ti bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí. O dáhùn, oorun gbé e lọ. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, n ò ní bi ẹ́ mọ́."

Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà mo fa àga mọ́ ibùsùn, mo sì sọ ìyókù: ìlà méjì, ìwé tí mo kọ, ìpàdé Ọjọ́bọ̀, ilé àwọn arúgbó. Mo ka ìwé náà fún un látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí fèrèsé ti ń súfèé, ó pa ojú rẹ̀ dé. Mi ò tíì rí ìtìjú tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní kó jọ̀ọ́.

Ó la ojú rẹ̀.

"Ní ṣọ́ọ̀bù mi," ó ní, "òfin kan ni mo ṣe. Ẹni tó bá fọ́ gíláàsì, òun náà ló máa ṣà á. Mi ò kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bá a gbá a. Ṣé o mọ ìdí ẹ̀? Òun nìkan ló mọ ibi tó fọ́n dé."

"Mo gbọ́, Màmá."

"Níbo ni ìwé àdéhùn tìẹ yẹn wà? Mú tuntun wá. Ka gbogbo ẹ̀ fún mi, má fo ìkankan."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé agbẹnusọ yóò máa sọ̀rọ̀ dípò aláìsàn, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Pa ìyẹn rẹ́. Ta ló rán ẹ níṣẹ́ dípò? Ẹnu mi ò lọ síbì kan. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí mo bá sọ tèmi tán, kí o wá sọ tìẹ."

Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ bó ṣe wí. Ó gba bíírò, ó sì fọwọ́ sí ìlà ti aláìsàn. Ó wá fọwọ́ sí ìlà tòkè náà. Ó ní owó gíláàsì òun ṣì wà nílé ìfowópamọ́, kí n má rò pé ọmọ òun nìkan ló lówó nínú ilé.

Ọjọ́bọ̀ dé. Tábìlì gígùn ló wà nínú yàrá ìpàdé, omi inú ike wà níwájú kálukú. Dókítà àgbà jókòó sí ìkangun tábìlì, Alága àti lọ́yà rẹ̀ jókòó sápá kan. Èmi ni mo ti Màmá wọlé lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Alága dìde.

"Àǹtí, kí lẹ tún wá ṣe níbí?"

"Èmi ni mo mú un wá," Màmá dáhùn. "Jókòó, o ò kí mi."

Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì jókòó. Ṣùgbọ́n ó mú ìwé mi jáde, ó kà á sókè ketekete. Ó kà á dáadáa, mi ò lè sọ pé ó fi nǹkan kan kún un. Ó ní òun ò fẹ́ ibi fún ìyá òun, ẹni tó mọṣẹ́ ló kọ ohun tó rí yìí. Lọ́yà mi orí.

Dókítà àgbà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀. Ó ní kí Màmá sọ ọjọ́ tí a wà. Màmá sọ ọ́, ó fi oṣù kún un. Ó ní kó yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì máa yọ méje lọ.

"Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Méjìléláàádọ́rin. Dókítà, ṣé ká lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni? Orí ni mo fi ń ṣírò gíláàsì kí wọ́n tó bí ẹ̀rọ ìṣírò."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀rọ̀ fèrèsé tó ń súfèé ńkọ́, Màmá?" dókítà béèrè.

"Ẹ rán ẹnì kan lọ pẹ̀lú téèpù. Gíláàsì tó wà lápá òsì yàrá mi, ẹni tó gé e kò wọ̀n ọ́n dé inú kòtò férémù. Ó máa dín níwọ̀n ìka kékeré mi yìí. Iṣẹ́ ọmọ tí kò jókòó kọ́ṣẹ́ ni."

Wọ́n rán ẹni tó ń tún ọsibítù ṣe. A jókòó, a ń retí rẹ̀. Ó padà dé, ó ní òótọ́ ni. Ó tiẹ̀ fi ìka kékeré tirẹ̀ hàn wá.

Màmá wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. Kò pariwo.

"Gáàsì yẹn, mo gbàgbé ẹ̀ lóòótọ́. Oògùn oorun tí dókítà rẹ kọ fún mi ni mo gbé mì kí n tó lọ gbé omi kaná. Mi ò ní mu ún mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà ẹ́. Ìwọ lo gbé mi nílẹ̀, Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà ẹ́ ò lè sọ mí di ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Ilé mi ni mò ń lọ."

"Tẹ́ ẹ bá tún ṣubú ńkọ́, Màmá?" Ohùn ọmọ ni, kì í ṣe ohùn alága mọ́.

"Màá dìde. Tí mi ò bá lè dìde, màá pè ẹ́. Tí mi ò bá sì pè ẹ́, kí o wá sin mí láti ilé mi, kì í ṣe láti ilé àwọn arúgbó." Ó yíjú sí mi. "Mo ti sọ tèmi. Ó kù ẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ṣa gíláàsì rẹ."

Mo dìde. Mo ní: "Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Ohun tí mo rí ni mo kọ, ṣùgbọ́n mi ò béèrè ìdí ẹ̀, mi ò sì bi ẹni tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Mo gba ìfọwọ́sí ọmọ níbi tó yẹ kí n ti gba ti ìyá. Dókítà, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì pé mo ní ìwé mi kò dúró mọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú gbogbo fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Mo dúró sórí rẹ̀ títí ó fi kọ ọ́ tán. Lọ́yà ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

Alága ló ti ìyá rẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, Màmá ní kó dúró. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí ọsibítù ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n á gé gíláàsì tó bá fèrèsé mu fún wọn, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ o.

Ìyẹn ti tó oṣù mẹ́rin. Lánàá, ọkùnrin kan pè mí. Bàbá rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ó fẹ́ agbẹnusọ, ohun gbogbo ti wà nílẹ̀. Mo ní màá fẹ́ kí bàbá fọwọ́ síwèé. Ó ní bàbá ń sùn, òun máa bá wọn fọwọ́ sí i, kí n má ṣèyọnu.

Mo ní, "Màá dúró kí wọ́n jí."

Ó ní ó lè pẹ́ o.

Mo ní kó má wulẹ̀ fa àga fún mi, mo máa gbé tèmi dání.